Fáànù Ọkọ̀ Tó Ń Fẹ́ Lórí Nọ́ńbà 4 Nìkan: Ẹ Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É Kẹ́ Ẹ Tó Náwó

 

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí mọ́tò. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọkọ̀ tí a fi ń kó ọjà. Àwọn kan ní Sienna, àwọn kan ní Hiace, àwọn mìíràn sì ní Corolla tàbí Camry tí wọ́n fi ń ti ilé bọ̀ sí ìsọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, àwa obìnrin ni wọ́n máa ń tètè rẹ́ jẹ, torí wọ́n rò pé a ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó lè ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wà kó sì mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi mọ́tò tàn án jẹ.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Ẹ yí fáànù A.C. sí nọ́ńbà 1, kò dún. Ẹ yí i sí 2, kò dún. Ẹ yí i sí 3, kò dún náà. Ẹ wá yí i sí 4, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bí ìjì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ó ní gáàsì ti tán, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ compressor. Ẹ dúró ná! Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn kò kan gáàsì, kò sì kan compressor. Nǹkan kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló sábà máa ń fà á, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó compressor.

1. IṢẸ́ TÍ FÁÀNÙ YÌÍ Ń ṢE

Fáànù tí à ń sọ ni èyí tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wa lára. Àwọn rewáyà, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ń pè é ní blower. Ẹ má gbé e pọ̀ mọ́ fáànù ráádíétọ̀ tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ìyẹn yàtọ̀.

Nǹkan méjì tó jọ ráádíétọ̀ kékeré wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Omi gbígbóná láti inú íńjìnì ń gba inú ọ̀kan kọjá, ìyẹn ló ń mú ooru wá. Gáàsì A.C. ń gba inú èkejì kọjá, ìyẹn ló ń tutù. Àmọ́ ooru tàbí òtútù náà ò lè dé ọ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn gba ara wọn kọjá kó tó kàn wá. Fáànù ni alábàárù wọn. Bó ti wù kí ọjà dára tó, bí alábàárù ò bá gbé e, kò ní dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni kókó ẹ̀kọ́ yìí. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa lórí gbogbo nọ́ńbà àmọ́ tí kò tutù, a lè wádìí gáàsì àti compressor. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́ rárá, tàbí tó ń fẹ́ lórí nọ́ńbà kan tí kò fẹ́ lórí òmíràn, ẹjọ́ fáànù àti iná tó ń gbé e ni. Kò sí iye gáàsì tí ẹ lè rọ sínú ọkọ̀ tó lè mú fáànù yí.

2. BÍ NỌ́ŃBÀ 1 TÍTÍ DÉ 4 ṢE Ń ṢIṢẸ́

Iná bátìrì ọkọ̀ wa jẹ́ volt 12. Bí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ fáànù, fáànù á fi gbogbo agbára yí. Bí a bá fẹ́ kó yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, a ní láti dín iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kù. Ohun tó ń bá wa dín in kù ni wọ́n ń pè ní resistor. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ po ló wà lára òmíràn. Òmíràn sì rí pẹlẹbẹ bí àwo kékeré.

Ẹ rò ó bí ọ̀nà tó wọ ọjà. Ká ní wọ́n gbé àgbá mẹ́ta dí ojú ọ̀nà, èrò á máa wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà 1 nìyẹn. Wọ́n gbé àgbá kan kúrò, ó ku méjì, èrò pọ̀ díẹ̀ sí i: nọ́ńbà 2. Wọ́n tún gbé ọ̀kan kúrò, ó ku ẹyọ kan: nọ́ńbà 3. Nọ́ńbà 4 ńkọ́? Òun kì í gba ojú ọ̀nà yẹn rárá. Ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà, níbi tí kò sí àgbá kankan, ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ fáànù.

Ẹ ti wá rí i báyìí. Bí resistor bá jó, ọ̀nà 1, 2 àti 3 ti bàjẹ́, ọ̀nà 4 nìkan ló ṣẹ́ kù. Lára ọ̀pọ̀ resistor, wọ́n tún fi fíúùsì kékeré kan sí i tó máa já bí ooru bá ti pọ̀ jù. Bí fíúùsì yẹn bá já, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí fáànù bá wá ń fẹ́ lórí 4, a jẹ́ pé fáànù fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè, fíúùsì ńlá rẹ̀ kò sì tíì já.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Georg Ohm, ló tẹ òfin tó wà nídìí èyí jáde ní 1827: bí ìdíwọ́ bá ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà iná, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń kọjá á ṣe kéré tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀, ohm, wọn resistor títí dòní.

3. Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ FÚNRA YÍN

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tó lè mú fáànù dákẹ́ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn, ẹ ò tíì ní kí íńjìnì dìde. Ẹ máa yí fáànù láti 1 dé 4, kẹ́ ẹ máa fetí sílẹ̀. Ẹ má ṣe pẹ́ níbẹ̀, kí bátìrì má baà rọ. Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ibi tí àrùn wà.

(a) Ó ń fẹ́ lórí 4 nìkan. Resistor ni, tàbí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ inú rẹ̀.

(b) Nọ́ńbà 1 nìkan ni kò fẹ́, àwọn yòókù dára. Apá kan lára resistor ló já, tàbí ojú nọ́ńbà yẹn nínú súìṣì ló ti jẹ.

(d) 1, 2 àti 3 ń fẹ́, 4 ló kọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta resistor fún yín. Súìṣì, relay tàbí wáyà nọ́ńbà 4 ni kí wọ́n wá lọ.

(e) Kò fẹ́ rárá lórí nọ́ńbà kankan. Fíúùsì la máa kọ́kọ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, wọ́n kọ HTR tàbí HEATER sí ibi tó wà. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kọ BLOWER. Bí fíúùsì bá dára, ó ku relay, súìṣì, wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀, àti fáànù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ gbá abẹ́ fáànù náà jẹ́ẹ́. Bó bá ta kìjí tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, káábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ti ń jẹ tán. Fáànù náà ń dágbére nìyẹn.

(ẹ) Ó ń ké tàbí ó ń lù gbò-gbò-gbò. Béárì rẹ̀ ti jẹ, tàbí ewé gbígbẹ tàbí ìtẹ́ eku ló wọ inú rẹ̀.

(f) Ariwo rẹ̀ pọ̀ àmọ́ atẹ́gùn kéré. Ó lè jẹ́ pé fílítà ti dí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá rìn pẹ́ ni atẹ́gùn ń kéré sí i, ó lè jẹ́ pé yìnyín ti bo ibi tó ń tutù. Ẹ pa A.C., kẹ́ ẹ jẹ́ kí fáànù nìkan máa fẹ́ títí yìnyín á fi yọ́. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ iná níbẹ̀ ni, ẹ ní kí rewáyà wò ó bóyá ó ti pààrọ̀ wáyà méjèèjì fún ara wọn. Fáànù tí wọ́n so wáyà rẹ̀ sódì á máa yí sẹ́yìn, ariwo á wà, atẹ́gùn ò ní tó.

(g) Ti iwájú ń fẹ́, ti ẹ̀yìn ò fẹ́. Sienna àti Hiace tó ní A.C. ẹ̀yìn ní fáànù mìíràn lẹ́yìn, pẹ̀lú ohun tó ń dín iná tirẹ̀ kù. Kí wọ́n má ṣe tú dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí àrùn tó wà lẹ́yìn.

Àkíyèsí kan: àwọn ọkọ̀ tí A.C. wọn jẹ́ ti a-tẹ-bọ́tìnnì, tó ń fúnra rẹ̀ pinnu bí fáànù á ṣe yí, kì í sábà lo irú resistor yìí. Ẹ̀rọ kékeré mìíràn tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

4. KÍ LÓ JÓ RESISTOR?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ń gbé ṣòfò. Wọ́n á ra resistor tuntun, wọ́n á fi í sí i, kò ní pẹ́ tí á tún fi jó. Wọ́n á ní ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé ohun tó jó ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí èkejì.

Iná tí resistor dá dúró kì í ṣòfo lásán, ooru ló ń dà. Nítorí náà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ gbé resistor sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn, kí fáànù lè máa fẹ́ ẹ bó ti ń ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn yẹn bá dínkù, ooru á pa á. Nǹkan méjì ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni ìdọ̀tí. Eruku ọyẹ́, eruku èlùbọ́ àti gàrí tí à ń kó, ewé tó ń já bọ́ látorí igi tí a páàkì sábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń bọ́ sínú ihò tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ọkọ̀ tó ní fílítà á gbà wọ́n sílẹ̀ títí fílítà á fi dí pa. Ọkọ̀ tí kò ní fílítà, tàbí tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ sọnù, á gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá fáànù.

Èkejì ni fáànù tó ti ń wúwo. Bí béárì rẹ̀ bá ti jẹ, ó máa ń nira fún un láti yí. Ohun tó bá nira láti yí máa ń fa iná ju bó ti yẹ lọ. Iná àfajù yẹn ló ń jó resistor, òun náà ló ń yọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dúdú tàbí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́, ẹ má ra resistor nìkan. Ẹ pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì ní kí rewáyà fi ẹ̀rọ wọn iye iná tí fáànù ń fà.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Fáànù tó bá ti ń ké fíìn-fíìn láàárọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí á fi dákẹ́.

5. BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Iṣẹ́ yìí kì í pẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n sì tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tí à ń lò níbí, fáànù wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, lẹ́yìn àpótí kékeré tí à ń kó ìwé ọkọ̀ sí. Wọ́n á yọ àpótí náà. Bí wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè bá wà níbẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ti báàgì tó ń là bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ fáànù ni resistor wà, ìdè méjì ló sábà ń mú un. Bó bá jẹ́ pé fáànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ tán ni, kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná, torí ó lè jó ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ohm rẹ̀ níṣojú yín. Ìwọ̀n kékeré ló yẹ kó hàn. Bí nǹkan kan ò bá hàn rárá, ó ti já.

Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sí ọjà, ì báà ṣe Ládìípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn. Ẹ sọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ ka eyín tó wà lójú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ojú méjèèjì wéra. Èyí tó jọ ọ́ àmọ́ tí eyín rẹ̀ yàtọ̀ kì í ṣe tiyín.

Kí wọ́n tó dá a padà, kí wọ́n gbọn fílítà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kó ewé kúrò nínú fáànù, kí wọ́n sì fi ọwọ́ yí fáànù wò. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má ha.

6. OHUN TÍ A Ò GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so fáànù tààrà mọ́ bátìrì, kó ní "ó ti ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn". Fáànù tí kò ní fíúùsì kò ní ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ bí wáyà bá gbóná.

Bí fíúùsì bá já, iye tó wà lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Bó bá jẹ́ 30, kẹ́ ẹ ra 30. Ẹ má fi 40 rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi bébà fàdákà inú sìgá tàbí wáyà dì í. Fíúùsì ni ọlọ́dẹ ọkọ̀. Ẹni tó bá fi irin dí i lẹ́nu ti ní kí ọlọ́dẹ lọ sùn, iná á wá bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà. Ọkọ̀ tó kún fún aṣọ, páálí àti ọ̀rá, tó tún gbé epo bẹntiróòlù sábẹ́, ṣé ó yẹ kí iná bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀? Ọjà á lọ, ọkọ̀ á lọ, ẹ̀mí á sì wà nínú ewu.

7. KÌ Í ṢE FÀÁJÌ NÌKAN

Àwọn kan á ní, "Màá ṣí fèrèsé, kí ni mo fẹ́ fi A.C. ṣe?" Ẹ gbọ́ ìdí méjì.

Bí òjò bá ń rọ̀ tí fèrèsé wà ní títì, èémí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á bo gíláàsì iwájú bí ìkùukùu. Wáípà ò lè nu ún, torí inú ló wà. Ẹ darí atẹ́gùn sí gíláàsì, ẹ tan A.C., ẹ yí ooru sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa fa atẹ́gùn látìta wọlé. A.C. ń gba omi kúrò nínú atẹ́gùn, gíláàsì á sì mọ́. Àmọ́ bí fáànù ò bá fẹ́, dírẹ́bà yín á máa fi ọwọ́ kan nu gíláàsì, á máa fi ọwọ́ kan wakọ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ nínú òjò.

Ìkejì, bí íńjìnì bá fẹ́ gbóná jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ pa A.C., ẹ yí ooru dé ìparí, ẹ gbé fáànù sí 4, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ara á gbóná yín o, àmọ́ ooru íńjìnì ni ẹ ń fà jáde yẹn. Ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí ráádíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bí omi bá sì ti tán pátá nínú rẹ̀, ọgbọ́n yìí ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

8. ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ MÁA BI ONÍṢẸ́

Ẹ gé ibí yìí, kẹ́ ẹ fi í sínú ìwé ọkọ̀ yín.

Ìkíní: Ṣé ẹ ti dán nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò? Èwo ló ń fẹ́, èwo ni kò fẹ́?

Ìkejì: Ṣé ẹ ti wo fíúùsì? Iye wo ló wà lára rẹ̀?

Ìkẹta: Ẹ jẹ́ kí n rí resistor àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ti jó tàbí ó ti yọ́?

Ìkẹrin: Kí ló jó o? Ṣé fáànù ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́? Ṣé fílítà mọ́?

Ìkarùn-ún: Bí ẹ bá ní gáàsì ni, báwo ni gáàsì ṣe ń dí fáànù lọ́wọ́ láti yí lórí 1, 2 àti 3, àmọ́ tó jẹ́ kó yí lórí 4?

Ẹ béèrè ìkarùn-ún yẹn pẹ̀lú ẹ̀rín. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bá yín rẹ́rìn-ín, á sì na ọwọ́ sí resistor. Èyí tó bá bínú, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.